Ehoro sísìn ní Tamale: Ooru ni ìdánwò tó wà níwájú àgbẹ̀

Ní ìgbèríko tó yí ìlú Tamale ká, ní àríwá Ghana, ìgbà òjò kan ṣoṣo ni àgbẹ̀ ń rí lọ́dún. Bí oúnjẹ bá ti tán nínú àká kí ìkórè tuntun tó dé, ẹran ọ̀sìn ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń tà láti fi ra oúnjẹ. Ìdílé tí kò lágbára àtira màlúù tàbí ewúrẹ́ ni ehoro lè wúlò fún jù.

Ehoro kò gba ilẹ̀ púpọ̀. Koríko àti ewé ẹ̀pà tó ṣẹ́kù lóko ni ó ń jẹ. Nǹkan bí ọjọ́ 31 ni oyún rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè tó tà láàrin oṣù mẹ́rin sí márùn-ún.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìjọba Ignatius Acheampong ń rọ àwọn ará Ghana láti máa bọ́ ara wọn, ibùdó ehoro kan wà ní Kwabenya, nítòsí Accra.

Ṣùgbọ́n Tamale kì í ṣe Accra. Ní oṣù Kẹta, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá 35°C. Irú ooru bẹ́ẹ̀ ń dín agbára ìbímọ akọ ehoro kù, ó sì lè pa àwọn ọmọ. Ọmọ ehoro tí ìdílé fẹ́ tà lásìkò ọ̀wọ́n oúnjẹ, inú ooru yìí gan-an ni yóò ti dàgbà.

Nítorí náà, fífún tálákà ní ehoro nìkan kò tó. Ibòji, omi àti ewé ẹ̀pà tí wọ́n sá pamọ́ láti ìgbà ìkórè ni yóò sọ bóyá ọ̀sìn náà yóò di owó.