Kẹ́ ẹ tó ra chainsaw, ẹ ra bàtà ná

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀, ẹ kú oríire. Ọ̀pọ̀ wa tó ra plọ́ọ̀tì lọ́nà Mọ́níyà tàbí lẹ́yìn Ìjẹ̀bú, igbó la bá níbẹ̀, ọkàn á sì sáré lọ sórí chainsaw, ẹ̀rọ táwọn agẹdú fi ń gégi. Èrò tèmi rèé: owó bàtà, helmet àti ṣòkòtò iṣẹ́ la kọ́kọ́ ń yọ sọ́tọ̀. Èyí tó bá kù la fi ń ra ẹ̀rọ.

2/ Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní, "Ṣebí sílípáàsì làwọn agẹdú máa ń wọ̀?" Òótọ́ ni o. Ẹ wá ní kí èyí tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ká ṣòkòtò sókè, kó sọ ìtàn àpá ẹsẹ̀ ẹ̀ fún yín.

3/ Èwo la máa rà? Igi orí ilẹ̀ yín ló máa sọ. Tí igi ò bá tóbi ju itan àgbàlagbà lọ, ẹ̀rọ kékeré bíi STIHL MS 170, tó jẹ́ 30.1 cc, pẹ̀lú báà ínǹṣì 14, ti tó. Èyí tó lé ní 70 cc, ti ẹni tó ń la pákó ni. Ó wúwo, tí apá bá ti ń gbọ̀n, jàǹbá ti dé tòsí. Ẹ má ra ẹ̀rọ torí fídíò.

4/ Ṣéènì: eyín tó wà lókè báà gbọ́dọ̀ kọjú síwájú. Ẹ fún un títí tí kò fi ní rọ̀ lábẹ́ báà mọ́, àmọ́ kó ṣì yí tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ fà á. Ṣéènì tuntun máa ń fà. Ẹ gé díẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ tún un fún.

5/ Ihò méjì la ń da nǹkan sí. Ọ̀kan, bẹntiróòlù tá a pò mọ́ ọ́ìlì two-stroke. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, mílílítà 20 ọ́ìlì sí lítà 1 ni, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé ẹ̀ bá sọ ni kẹ́ ẹ ṣe. Bẹntiróòlù lásán máa pa ẹ́ńjìnnì. Ìkejì, ọ́ìlì ṣéènì. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú sílẹ̀ kọ́ o!

6/ Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tan án: ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ ti bíréèkì ṣéènì síwájú, ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ìdìmú ẹ̀yìn, kí ọwọ́ òsì di tiwájú mú, kẹ́ ẹ tó fa okùn. Kì í ṣe ẹ̀rọ tá a ń fà lófuurufú.

7/ Igi gànrànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Tí apá òkè ṣóńṣó báà bá kan igi, ẹ̀rọ á ta padà sójú yín kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Torí ẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni. Ẹ má gbé e kọjá èjìká, ẹ má gbé e gun àkàbà.

8/ Ìrókò ńlá, igi tó fì sórí òrùlé aládùúgbò, igi tó kan wáyà iná: ẹ pe agẹdú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ wà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ LASPARK kẹ́ ẹ tó gé e.

9/ "Ṣòkòtò yẹn ti wọ́n jù." Mo gbà. Àmọ́ òwú tó wà nínú ẹ̀ ló máa wé mọ́ ṣéènì, tá á dá a dúró kó tó dé eegun. Jíìnsì ò lè ṣe é.

10/ Tówó ò bá tó méjèèjì, ẹ háyà agẹdú fún ọjọ́ kan ná. Igi yẹn ti wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra ilẹ̀, á dúró dè yín títí owó á fi pé. Ẹsẹ̀ kì í hù padà.