Kí Ni Ìwẹ̀ Gígùn Ṣe Tí A Fi Ń Gbé E Sí Ìgbẹ̀yìn?

Mo mọ̀ pé ẹnu yóò ya ẹlòmíràn pé ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni ó gbé gègé láti kọ̀wé lórí ìlúwẹ̀ẹ́. Ọmọ ilẹ̀ òkè ni wá. Ní ìhà tiwa, láti Ọyẹ́ títí dé Ìdó, odò kéékèèké tí ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a mọ̀, àti omi dáàmù bí irú ti Ìtàpàjí, èyí tí a ṣe nítorí omi mímu, tí kì í ṣe nítorí eré. Bí a bá rí òmùwẹ̀ láàrin wa, a ó kọ́kọ́ bi í pé níbo ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo fi ojú mi rí i ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó fà mí wọ inú rẹ̀. Tíṣà ni Bàbá ní Èkó kí ó tó fẹ̀yìn tì, orúnkún ni ó sì sọ ọ́ di òmùwẹ̀. Dókítà ní kí ó dẹ́kun eré sísá, kí ó máa lúwẹ̀ẹ́. Ẹni àádọ́ta ọdún ni nígbà náà. Ní ọdún 2023, nígbà tí ó di ẹni ọdún 62, ó forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn àgbà kan ní Èkó, ó sì mú ìwẹ̀ 1500 mítà. Mo bá a lọ kí n lè máa bá a ka iye ìgbà tí ó lọ tí ó bọ̀. Gígùn adágún ìlúwẹ̀ẹ́ náà jẹ́ 25 mítà. Nítorí náà, ọgọ́ta ìgbà ni ènìyàn yóò là á já kí 1500 tó pé.

Agogo méje òwúrọ̀ ni a ti dé ibẹ̀. Ìwẹ̀ 50 mítà lọ, 100 lọ, àwọn tí ń fi ẹ̀yìn wẹ̀ lọ, àwọn tí ń fi àyà wẹ̀ náà lọ. Wọ́n pín mẹ́dààlì, wọ́n ya fọ́tò, alága sọ̀rọ̀, alága mìíràn tún sọ̀rọ̀. Bàbá jẹ búrẹ́dì, búrẹ́dì náà dà nínú rẹ̀, ebi mìíràn tún dé. Kí ó tó kàn án láti wọ omi, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù. Nígbà tí ó fi là á já nígbà àádọ́ta, ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn ọmọ tí ń palẹ̀ mọ́ sì ti gba àga lábẹ́ mi. Ọ̀gá kan wá sí etí omi, ó fi ọwọ́ kan Bàbá ní èjìká, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jáde bọ̀, a fẹ́ ti ibí." Ìgbà mẹ́wàá péré ni ó kù. Bàbá jáde. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Inú ọkọ̀ ni a wà kí ó tó bi mí pé, "Mélòó ni o kà?" Mo ní, "Àádọ́ta ni, sà." Ó ní, "Òun náà ni mo kà." A kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé.

Kì í ṣe pé n kò mọ ìṣòro àwọn tí ń ṣètò. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní 40 ènìyàn ni ó mú 1500 mítà, tí adágún sì pín sí ojú ọ̀nà mẹ́jọ. Ìsọ̀rí márùn-ún ni yóò jẹ́. Ìsọ̀rí kan kò sì lè parí títí ẹni tí ó lọ́ra jù nínú rẹ̀ yóò fi fọwọ́ kan ògiri. Bí ẹnì kan tí yóò lo 40 ìṣẹ́jú bá wà nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́ta àti 20 ìṣẹ́jú ti lọ nìyẹn. Bí 40 ènìyàn kan náà bá wẹ 50 mítà, kò ní ju 15 ìṣẹ́jú lọ. Ta ni kò ní fẹ́ kí ti kúkúrú kọ́kọ́ lọ?

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a ti lo ọgbọ́n. Bí a bá to ènìyàn gẹ́gẹ́ bí iye àkókò tí oníkálukú kọ sínú fọ́ọ̀mù, tí a kò tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí, àwọn ayára yóò wà lọ́tọ̀, àwọn a-rọra-lọ yóò wà lọ́tọ̀. Ìsọ̀rí kan lè lo 22 ìṣẹ́jú, èkejì 26, ẹ̀kẹta 30, ẹ̀kẹrin 35, ẹ̀karùn-ún 40. Ẹ rò ó pọ̀: 153 ni. A ti jèrè 47 ìṣẹ́jú láìlé àgbàlagbà kankan jáde nínú omi. Ìgbà tí a bá fẹ́ pín ẹ̀bùn ni a óò tó wo ọjọ́ orí, nítorí pé òfin ìdíje àwọn àgbà lágbàáyé ti pín wọn ní ọdún márùn-ún márùn-ún láti ẹni ọdún 25 lọ sókè. Bí èyí kò bá tó, ẹni méjì lè jọ lo ojú ọ̀nà kan, kí ọ̀kan gba ọ̀tún, kí èkejì gba òsì. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ń kà á la ojú wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ni mo fẹ́ kí a gbé ìwẹ̀ gígùn sí. Oòrùn ilẹ̀ wa kò ṣeé bá ṣeré, ẹni tí ó wà nínú omi kì í sì í tètè mọ̀ pé òun ń làágùn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2010, Fran Crippen, ọmọ Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 26, òmùwẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, kú sẹ́nu ìdíje 10 kìlómítà nínú òkun gbígbóná ní Fujairah, ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àjọ tí ń ṣàkóso ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé tó ṣòfin pé bí omi irú ìdíje bẹ́ẹ̀ bá ti gbóná ju 31 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Òkun ni tirẹ̀, adágún ni tiwa, ṣùgbọ́n oòrùn kan náà ni. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń pa á lówe pé ògbó òmùwẹ̀ ní í bá odò lọ. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé agogo ọ̀sán lè wà nínú òwe náà. Àwọn eléré ẹsẹ̀ ti mọ èyí tipẹ́: Máráthọ̀nì Èkó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, kùtùkùtù òwúrọ̀ ni wọ́n ń tú àwọn ènìyàn sílẹ̀.

Ẹnìkan bi mí pé, "Ẹni tí ó bá wẹ 1500 láàárọ̀, agbára wo ni yóò fi wẹ 100 lọ́sàn-án?" Ìbéèrè gidi ni. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo, ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2021, Katie Ledecky wẹ 200 mítà, ó ṣe ipò karùn-ún. Nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó wẹ 1500, ó sì gba góòlù. Ṣùgbọ́n Ledecky nìyẹn, ẹni ọdún 24 sì ni nígbà náà. Bàbá tèmi kò ní agbára à-fò-lọ-fíì mọ́, sùúrù ni ó kù fún un, ìwẹ̀ gígùn nìkan sì ni sùúrù ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe méjèèjì, kí ó yan ọjọ́ kejì fún 100.

(Kí n tó gbàgbé: Tokyo yẹn náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ jẹ́ kí obìnrin wẹ 1500 mítà nínú Òlíḿpíìkì, bẹ́ẹ̀ láti London 1908 ni ọkùnrin ti ń wẹ̀ ẹ́. Ọdún 113! Àwọn tí ń ṣètò ìwẹ̀ gígùn ti ń fi í jẹ ènìyàn níyà láti ọjọ́ pípẹ́.)

Bí ó bá sì di dandan kí a fi gbèdéke sí i, kí a kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: "Ẹni tí kò bá lè parí láàrin ìṣẹ́jú báyìí, kí ó mú 400." Àgbà yóò kà á, yóò sì mọ ibi tí òun yóò gbé owó rẹ̀ lọ. Èyí sàn ju kí a fọwọ́ kàn án léjìká nígbà tí ìgbà mẹ́wàá kù.

Fọ́ọ̀mù ti ọdún yìí ti jáde. Bàbá ní kí n bá òun wo ibi tí wọ́n gbé 1500 sí, nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ kéré jù fún ojú òun. Mo ti wò ó. Ìdíje mẹ́rìnlélógún ni ó wà nínú rẹ̀, 1500 sì ni ìkẹrìnlélógún. N kò tíì dá Bàbá lóhùn.