Ẹni Tó Ń Ra Irin Jíjí Ló Ń Ba Iṣẹ́ Wa Jẹ́

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n lè bá tọmọdé tàgbà sọ̀rọ̀, pàápàá jù lọ àwa tí a wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, nípa àwọn tí ń tú katapílà, katakata àti àwọn ẹ̀rọ ńláńlá mìíràn níbi iṣẹ́. Gbogbo ènìyàn ni ó ń bú olè tí ń tú wọn. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ń ra ohun tí olè náà bá tú, nítorí mo gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀ràn yìí wà.

Láti 3 February 1976 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀, a kò ṣaláìrí iṣẹ́ ọ̀nà àti iṣẹ́ ilé láàárín wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀nà kì í ṣe iṣẹ́ inú ọgbà. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú katapílà sí, ibẹ̀ náà ni yóò sùn. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, láti Ọ̀wẹnà lọ sí Bọ́lọ́rundúró, yóò mọ̀ bí igbó àti oko kòkó ṣe sún mọ́ títì tó. Bí ẹ̀rọ kan bá sùn sí irú ibẹ̀, tí ó wá di aago méjì òru, ta ni yóò gbọ́ ìró sípánà?

Olè kì í sábà gbé odidi katapílà lọ. Ibo ni yóò gbé e pamọ́ sí? Bátìrì ni wọ́n ń yọ. Díísù ni wọ́n ń fà. Wọ́n ń gé wáyà nítorí bàbà tó wà nínú rẹ̀, wọ́n ń tú sítátà, wọ́n ń yọ rédíétọ̀, kódà wọ́n ń yọ eyín irin tó wà lẹ́nu garawa tí ẹ̀rọ náà fi ń gbẹ́ ilẹ̀. Ohun tí wọ́n mú lọ lè máà tó nǹkan lójú ẹni tó rà á, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bàjẹ́ sílẹ̀ kò kéré. Bí katapílà kan bá dúró, típà á dúró, rólà á dúró, àwọn lébìrà tí wọ́n ń gba owó ojúmọ́ á káwọ́ lẹ́rán, wọ́n á sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Amọ̀ pupa tí wọ́n ti dà sójú ọ̀nà, tí rólà kò tíì tẹ̀, bí òjò bá rọ̀ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹrẹ̀ ló dà yẹn. Àwa tí a ń gba ọ̀nà náà kọjá ni a ó máa jìyà rẹ̀.

Ti àgbẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó háyà katakata láti fi túlẹ̀ kó lè gbin àgbàdo ìbẹ̀rẹ̀ òjò, bí wọ́n bá tú ẹ̀rọ náà lóṣù kẹrin, tí wọ́n kò rí nǹkan fi dípò títí oṣù kẹfà fi dé, àkókò ti lọ nìyẹn. Owó háyà ti lọ, àgbàdo kò sì sí. Ẹ má sì gbàgbé pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jù nínú ohun èlò wọ̀nyí ti ń wá. Kí ìjọba tó jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní ilé ìfowópamọ́. Nígbà tó fi di 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Díísù náà kọjá ₦1,000 lítà kan lọ́dún 2024 yẹn. Ohun tí olè bà jẹ́ lóru ọjọ́ kan lè gba oṣù púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kó tó rí owó tún un ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. Kí ni ọmọkùnrin kan fẹ́ fi bátìrì katapílà ṣe? Kò lè sè é jẹ. Kò lè fi rédíétọ̀ bora sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti mọ ẹni tí yóò tà á fún. Bí kò bá mọ ẹni náà, kò ní gbé sípánà jáde nílé rárá. Àwọn bàbá wa sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ìyanu ibẹ̀ ni pé òfin ìjọba pàápàá bá òwe yìí mu. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní ìhà gúúsù Nàìjíríà, ẹni tó bá jalè lásán lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 3, bẹ́ẹ̀ ni abala 390 wí. Ṣùgbọ́n abala 427 sọ pé ẹni tó bá gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tó sì mọ̀ pé jíjí ni wọ́n jí i, lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 14. Ẹ gbọ́ o, ọdún 3 fún ẹni tó gbé e, ọdún 14 fún ẹni tó gbà á! Mélòó nínú wa ló mọ èyí? Bí ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn bá kó àwọn afurasí síta ní Àkúrẹ́ kí àwọn oníròyìn lè yà wọ́n ní fọ́tò, ẹ wo ojú wọn dáadáa. Àwọn ọmọ tí ebi ti hàn lára wọn ló ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń wọn irin lórí ìwọ̀n kì í sábà sí láàárín wọn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé gbogbo ẹni tó ń ra irin àlòkù ni olè. Iṣẹ́ tó wúlò ni iṣẹ́ wọn, àwọn ló ń kó pàǹtí kúrò láyìíká wa, irin tí wọ́n kó ni wọ́n sì ń yọ́ tó ń di irin tuntun. Ẹni tó ń ti ọmọláńkẹ́ kiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni. N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, pé àwọn báyìí ni tàbí àwọn tọ̀hún. Olè kò ní ẹ̀yà. Ṣebí bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani? Awakọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ lówó oṣù mẹ́ta, tó wá ń fa díísù tà lẹ́yìn ilé, ṣé àlejò ni? Ọdẹ tó ń gba rìbá kó lè sùn, ṣé àlejò ni?

Ohun tí mo ń wí ni pé kí òwò irin àlòkù ní ojú, kó ní orúkọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí olè ń tú wáyà ojú irin rélùwéè àti òjé orí ilé ìjọsìn, wọ́n ṣe òfin kan lọ́dún 2013 lórí àwọn tó ń ṣòwò irin àlòkù. Òfin náà ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi owó lásán ra irin, nípasẹ̀ báńkì ni kí wọ́n san án, kí wọ́n lè mọ ẹni tó gbà á. Oníṣòwò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó tà á fún un, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ǹjẹ́ èyí ju agbára wa lọ? Ní ayé tí alátà àti alágbàdo ń gba owó sínú àkáǹtì lórí fóònù, kò yẹ kó ṣòro fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ àjàgbé kó irin.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní bí a bá ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tuntun la là fún àwọn tó ń gba owó ẹ̀yìn. Òótọ́ ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wí pé kí ìwé àṣẹ náà jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò irin fúnra wọn máa tọ́jú ìwé orúkọ pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ṣe é lójú gbogbo ẹgbẹ́. Kí wọ́n má ra irin lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Kí wọ́n má sì rà á lọ́wọ́ ọmọdé láéláé. Oníṣòwò òtítọ́ kò ní bẹ̀rù èyí, yóò dùn mọ́ ọn ni, nítorí kò ní sí ẹni tí yóò tún máa pè é lólè.

Ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe náà, ẹ̀bi yín ń bẹ ńbẹ̀. Ẹ̀ ń gba bàbá arúgbó kan tí kò ní ju tọ́ọ̀ṣì àti kùmọ̀ lọ, ẹ sì ní kó dá ṣọ́ ohun tí owó rẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà. Bí wọ́n bá ṣe é léṣe ńkọ́? Ẹ fi ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta síbẹ̀, láti inú ìlú tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì máa san owó wọn lásìkò. Ẹ jẹ́ kí Baálẹ̀ mọ ìgbà tí ẹ dé àti ìgbà tí ẹ ó lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ kó àwọn ẹ̀rọ sójú kan, kí àwọn ńlá yí àwọn kékeré ká. Ẹ sọ garawa wọn kalẹ̀ dé ilẹ̀. Ẹ fi àgádágodo sí ẹnu táǹkì. Bí iṣẹ́ bá máa dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo lè ṣí ọ̀pọ̀ katapílà tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe. Ẹni tó bá gbára lé kọ́kọ́rọ́ yẹn nìkan kò tíì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ fi ibi ìpaná kan pamọ́ sára ẹ̀rọ tó jẹ́ pé awakọ̀ yín nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá ṣẹ́ igi ìdáná jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, tó sì pa àálè lé e lórí, ó lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kàn án. Òde òní, ẹ̀rù àálè kò bà wá mọ́, ṣùgbọ́n a lè fi irin gbígbóná kọ nọ́ńbà sára bátìrì, sára rédíétọ̀ àti sára sítátà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò rí nọ́ńbà náà, kò sì ní lè sọ lọ́jọ́ iwájú pé òun kò mọ̀. Àálè tiwa nìyẹn.

Ó ku àwa ará ìlú. Àwọn kan wà tí kì í ṣe torí owó ni wọ́n fi ń ba ẹ̀rọ jẹ́, inú ló ń bí wọn. Wọ́n á gé táyà, wọ́n á da iyanrìn sí táǹkì, nítorí katapílà ti wọ́ kòkó bàbá wọn lulẹ̀, wọn kò sì rí kọ́bọ̀ gbà. Ìbínú náà ní ìdí. Ṣùgbọ́n Òfin Ilẹ̀ ti 1978 sọ pé kí ìjọba san owó gbà-má-bínú fún irúgbìn àti ilé lórí ilẹ̀ tó bá gbà. Ẹ kó ara yín jọ, kí Baálẹ̀ ṣáájú yín lọ sí Alágbàká ní Àkúrẹ́, kí ẹ lọ béèrè ẹ̀tọ́ yín. Táyà tí a gé kò lè sanwó kòkó fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yola ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí èrò ya wọ ilé ìkẹ́rùsí, tí wọ́n sì kó katakata tó yẹ kí àwọn àgbẹ̀ fi dáko lọ. Gómìnà Fintiri ní láti fún wọn ní gbèdéke kí wọ́n dá ẹrù padà, kó tó di pé wọn yóò máa wá a láti ilé dé ilé. Ta ni wọ́n jà lólè? Ara wọn ni. Ohun ìjọba tí a ń pè ní ohun tí kò lólúwa, àwa gan-an ni olúwa rẹ̀.

Bí a bá sì mú olè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi táyà sí i lọ́rùn. Ẹni tí a bá sun kò lè dárúkọ ẹni tó ń ra ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ fà á lé ọlọ́pàá, Àmọ̀tẹ́kùn tàbí Sífù Difẹ́ǹsì lọ́wọ́, kí ẹ sì béèrè lójú gbogbo ayé pé: "Ta ni ò ń tà á fún?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti àwọn adájọ́ wa máa béèrè láti òní lọ. Ọjọ́ tí oníṣòwò irin jíjí kan bá gba ọdún tirẹ̀ nílé ẹjọ́ ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, katapílà á bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lójú ọ̀nà láìsí ewu.

 

Èmi ni ti yín nítòótọ́,
Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn,
Oǹdó.