Ẹ̀yin méjèèjì ti gbà láti pínyà. Kí ló tún kù ní kóòtù?

Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń rí i lórí Instagram: gbajúmọ̀ òṣèré tàbí olórin kan á kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun àti ẹnì kejì òun ti pínyà, pé kò sí ìjà, pé àwọn ṣì jọ ń tọ́ àwọn ọmọ, kí aráyé jọ̀wọ́ fàwọn lọ́rùn sílẹ̀ o. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú á ti máa sọ pé ó ti kọ ọkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ohun témi máa ń fẹ́ mọ̀ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni pé: kóòtù wo ló tú u ká? Torí pé lójú òfin Nàìjíríà, bí ẹ bá ṣe ìgbéyàwó ní rẹ́jísìrì, ẹ lè kó kúrò nílé, ẹ lè kéde ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹbí lè dá owó orí padà, tọkọtaya ṣì ni yín.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì mọ sọ́dọ̀ àwọn gbajúmọ̀. Ọ̀pọ̀ ojúgbà wa ló ti pínyà wọ́ọ́rọ́wọ́, láìbá ara wọn jà, tí wọ́n rò pé báwọn ṣe jọ gbà yẹn, ó ti parí. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí. Mo fẹ́ dáhùn wọn níbí, kí n sì sọ ibi tí mo rò pé òfin yìí ti ń pa wá lára.

Ìgbéyàwó wo lẹ ṣe gan-an?

Ibí ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, torí ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ṣe ló máa sọ kóòtù tẹ́ ẹ máa lọ. Bó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan, ìyẹn ìdána àti owó orí, kóòtù ìbílẹ̀ ló ni ín. Irú ẹjọ́ yìí la máa ń kà nínú ìwé ìròyìn láti Mápó n'Íbàdàn tàbí láti Ìgàńdò l'Ékòó. Bó bá jẹ́ yìgì nìkan, ìlànà Ìsìláàmù ló ń darí ẹ̀, títí dórí iye àkókò tí obìnrin máa dúró kó tó fẹ́ ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá lọ sí Ìkòyí tàbí rẹ́jísìrì ìjọba ìbílẹ̀, tàbí tí ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba so yín pọ̀ tí wọ́n sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí abẹ́ òfin Marriage Act, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u ká. Ẹ lọ wo ìwé yẹn nínú dúrọ́ọ̀ yín.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú ni pé méjèèjì la ṣe. A ṣe ìdána lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, a lọ sí rẹ́jísìrì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé. Bí wàhálà bá wá dé, wọ́n á gba kóòtù ìbílẹ̀ lọ torí pé ibẹ̀ yá, kò sì náni lówó púpọ̀. Kóòtù yẹn ò lágbára lórí ìwé rẹ́jísìrì. Pásítọ̀ náà ò ní in, àwọn àgbà ẹbí ò sì ní in.

Ṣé báwa méjèèjì bá gbà, kò tíì tó?

Kò tíì tó. Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí ni Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970. Kò fún adájọ́ láyè láti tú ìgbéyàwó ká kìkì torí pé tọkọtaya ní ó ti sú àwọn. Ìdí kan ṣoṣo ló gbà: kí ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Abala 15 sì la ọ̀nà mẹ́jọ sílẹ̀ téèyàn lè gbà fi èyí hàn. Àgbèrè wà níbẹ̀. Ìwà tí kò ṣeé fara dà wà níbẹ̀. Kí ẹnì kan pa ẹnì kejì tì fún ọdún 1 ó kéré tán wà níbẹ̀.

Fún àwọn tí kò fẹ́ fẹ̀sùn kan ara wọn, èyí tó bá wọn mu jù ni kí wọ́n ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 gbáko ó kéré tán kí wọ́n tó pẹjọ́, kí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ má sì ta kò ó. Bó bá ta kò ó, ó di ọdún 3. Yàtọ̀ síyẹn, bí ìgbéyàwó ò bá tíì pé ọdún 2, ẹ ò lè pẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ láìgba àyè lọ́wọ́ kóòtù, àyàfi nínú ìwọ̀nba ọ̀ràn díẹ̀ bí àgbèrè.

Àwọn kan á ní: pẹ̀lú owó ilé l'Ékòó báyìí, ta ló fẹ́ san rẹ́ǹtì lọ́nà méjì? Òfin gbà pé èèyàn lè gbé lọ́tọ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà, tí wọn ò bá ti jọ ṣe agboolé kan mọ́: oúnjẹ lọ́tọ̀, yàrá lọ́tọ̀, kálukú ń dá tiẹ̀ ṣe. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa fi yé adájọ́, ó sì le ju kéèyàn kó jáde lọ.

Ṣé lọ́yà lè bá wa parí ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì?

Ẹni tó bá ṣèlérí ìyẹn fún yín, ẹ di owó yín mú. Kò sí pé tọkọtaya jọ kọ̀wé ẹyọ kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ pe ẹnì kejì lẹ́jọ́, bí wọ́n tilẹ̀ jọ jẹun pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ìwé ìbúra máa wà níbẹ̀, lọ́yà sì máa fọwọ́ sí i pé òun ti bá oníbàárà òun sọ̀rọ̀ nípa ìlàjà. Akódà kóòtù máa gbé ìwé fún ẹnì kejì. Kó tiẹ̀ má rojọ́ rárá, olùpẹ̀jọ́ ṣì máa bọ́ sínú àpótí, á búra, á sì ṣàlàyé ara ẹ̀.

Bí adájọ́ bá gbà, ohun tó máa kọ́kọ́ fún yín ni decree nisi. Ẹ̀bùrú tó ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú rèé o! Nisi kì í ṣe òpin. Oṣù 3 ló máa kọjá, àyàfi bí kóòtù bá rí ìdí pàtàkì láti dín in kù, kó tó di decree absolute. Ẹni tó bá lọ fẹ́ ẹlòmíì láàárín oṣù 3 yẹn, ọkọ tàbí ìyàwó oníyàwó ló jẹ́. Bí ọkọ bá sì kú láàárín àkókò yẹn, opó ẹ̀ ni obìnrin náà lójú òfin. Nítorí náà, ẹ má kúrò lọ́dọ̀ kóòtù láìgba ìwé absolute. Òun náà ni ilé iṣẹ́ físà máa bi yín.

Àwọn ọmọ àti dúkìá ńkọ́?

Bẹ́ ẹ bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, adájọ́ gbọ́dọ̀ rí ètò tẹ́ ẹ ṣe fún wọn kí nisi tó lè di absolute: ta ni wọ́n máa bá gbé, ta ló máa san owó iléèwé, ìgbà wo ni ẹnì kejì máa rí wọn. Bẹ́ ẹ bá ti jọ kọ àdéhùn yìí sílẹ̀ ṣáájú, ẹ ti gba ara yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìrìn. L'Ékòó, Citizens Mediation Centre máa ń bá èèyàn là á lọ́fẹ̀ẹ́. Bí owó lọ́yà bá sì ju agbára yín lọ, Legal Aid Council àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, FIDA, wà. Ẹ kàn wọ́n lára kẹ́ ẹ tó sọ pé kò sọ́nà.

Bí mi ò bá wá ṣe nǹkan kan ńkọ́?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á fi ìwé rẹ́jísìrì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á lọ ṣe ìdána míì. Lábẹ́ Marriage Act, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 wà fún un. Òtítọ́ ni pé kò wọ́pọ̀ kí wọ́n torí ẹ̀ gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n. Ibi tó ti máa ń ro ni ọjọ́ ikú. Ìyàwó kejì tó ti bá a jìyà fún ọdún mẹ́wàá á gbọ́ ní báńkì àti níbi ìwé ogún pé òfin ò mọ òun. Ẹni tó ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́ ló wá di opó. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó máa rántí pé ìpínyà yẹn ò la ìjà lọ.

Ibi témi dúró sí

Àwọn àgbà wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òfin 1970 ló ń mú kí òwe yẹn máa ṣẹ lórí àwọn tí kò níjà. Ẹni tí kò lè dúró ọdún 2, kí ló kù fún un? Ẹ̀sùn ni. Ó máa ní ẹnì kejì ṣàgbèrè tàbí pé ó hùwà ìkà. Bó bá dárúkọ ẹni tí wọ́n jọ ṣe àgbèrè, wọ́n á fa onítọ̀hún náà wọ ẹjọ́. Àwọn kan á gbìmọ̀ pọ̀ purọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí kóòtù bá rí i pé wọ́n gbìmọ̀ láti tan òun jẹ, kò ní tú u ká. Àwọn ọmọ á dàgbà, wọ́n á sì ka ohun tí bàbá wọn búra lé ìyá wọn lórí nínú ìwé kóòtù.

Àpẹẹrẹ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà la wò tá a fi kọ òfin yìí. Ọsirélíà ti jáwọ́ nínú ẹ̀sùn láti 1975. Ní Íńgíláǹdì àti Wales, láti oṣù kẹrin ọdún 2022, tọkọtaya lè jọ kọ̀wé pọ̀ láìfẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Wọ́n á dúró ọ̀sẹ̀ 20, wọ́n á tún dúró ọ̀sẹ̀ 6, ó parí. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ bi lọ́yà kẹ́ ẹ tó kọ̀wé, torí ibi tẹ́ ẹ fìdí kalẹ̀ sí lòfin wa máa wò kó tó ka ìdájọ́ wọn sí.)

Mo mọ ohun táwọn tó bá ta ko èyí máa sọ: bí ìkọ̀sílẹ̀ bá rọrùn, ilé á máa tú. Ó yé mi. Mi ò ní kí wọ́n yọ àkókò ìdúró kúrò, torí èèyàn lè fìbínú sọ ohun tó máa kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, àwọn ilé tí mò ń sọ ti tú ná. Ohun tó kù ni bóyá àwọn méjì tó ń jáde níbẹ̀ á lè jọ jókòó lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ wọn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújá ló lágbára láti yí òfin yìí padà. Kí wọ́n jẹ́ kí tọkọtaya tó ti gbà láti pínyà jọ kọ̀wé ẹyọ kan, kí wọ́n fi ètò àwọn ọmọ kún un, kí wọ́n dúró fún iye oṣù tí òfin bá là sílẹ̀, kí kálukú sì máa lọ ní àlàáfíà.

Títí dìgbà yẹn, ẹni tó bá ti kó jáde, kó kọ déètì ọjọ́ tó kó jáde sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọdún 2 ti bẹ̀rẹ̀.