Wákàtí 48 ni òfin sọ

Bí oníṣòwò bá jẹ gbèsè, tí ẹni tó yá a lówó lọ fẹjọ́ sùn ní kọmísáríà, ìgbà mìíràn wọ́n á tì í mọ́lé títí owó yóò fi pé. Ẹbí á máa sáré kiri, wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀. Ní tiwa, ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló kàn.

Ìwé òfin ilẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 1990 sọ ní abala 18 pé wọn kò gbọdọ̀ ti ènìyàn mọ́lé ju wákàtí 48 lọ, àfi bí wọ́n bá mú un dé iwájú adájọ́, tí adájọ́ sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá rú òfin yìí, ẹnikẹ́ni nínú wa lè kọ lẹ́tà sí ilé-ẹjọ́ tí à ń pè ní Cour constitutionnelle. Kò dìgbà tí ẹ bá gba agbẹjọ́rò. Ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bá a kọ ọ́.

Àmọ́ o, gbèsè ṣì jẹ́ gbèsè. Abala 33 ìwé òfin kan náà ní kí kálukú ṣe ojúṣe rẹ̀, kó san owó orí. Ẹ̀yin tí ẹ yánilówó, ilé-ẹjọ́ ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má fi ọlọ́pàá ṣe agbowó. Ẹ̀yin ẹbí ẹni tí wọ́n mú, ẹ tètè kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú un sílẹ̀.