ÌLERA ÌDÍLÉ: Bí Ọpọlọ Bá Wú, Ẹ Má Sáré Ra Dexamethasone



Bí ibà bá mú àgbàlagbà, tí orí ń fọ́ ọ, tí ó wá ń sọ ìsọkúsọ, tí kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, tàbí tí gìrì gbé e lójijì, ẹnu máa ń yá wa láti sọ pé àwọn ayé ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ló mú ọpọlọ rẹ̀ wú. Ọ̀kan nínú wọn ni herpes simplex, èyí tí ó sábà máa ń mú egbò yọ sí ètè lásán. Bí ó bá dé ọpọlọ, tí a kò tọ́jú rẹ̀, nǹkan bí 7 nínú ènìyàn 10 ni í kú. Oògùn acyclovir tí wọ́n ń fà sí iṣan ló ń gba ọ̀pọ̀ là, bí ó bá tètè dé ara.

Ẹnìkan lè bi wá pé, "Dexamethasone ńkọ́? Ṣebí ó ń mú wíwú rọlẹ̀?" Àwọn dókítà ní Liverpool àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ronú bẹ́ẹ̀. Láti 2016 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Wọ́n pín àgbàlagbà 94 sí ọ̀nà méjì: gbogbo wọn gba acyclovir, apá kan sì gba dexamethasone kún un fún ọjọ́ 4. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 26, wọ́n yẹ ìrántí wọn wò. Oògùn náà kò ṣe wọ́n ní ibi, ṣùgbọ́n ìrántí apá méjèèjì kò yàtọ̀.

Kí ni èyí kàn wá ní Orè àti Òdìgbò? Ibà ẹ̀fọn pọ̀ lọ́dọ̀ wa, òun náà sì lè gun orí, kí ó sọ ènìyàn di aláìmọ ara rẹ̀. Ní Táílándì, àwọn dókítà dán dexamethasone wò lára irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ 100. Àbájáde rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1982 ni pé àwọn tí ó gbà á pẹ́ nínú dídákú ju àwọn yòókù lọ. Àrùn méjì tí àmì wọn jọra ni: ọ̀kan kò rí ìrànlọ́wọ́ gbà, èkejì rí ìpalára. Àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ló lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ẹni tí ń ta oògùn ní gáréèjì kò lè mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ àwọn kan ń rà á láìsí ìwé dókítà, fún ara ríro, àní fún sísanra!

Ẹ gbàdúrà fún aláìsàn yín, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Lúùkù oníṣègùn bá Pọ́ọ̀lù rìn, ìyẹn kò sì dín ìgbàgbọ́ Pọ́ọ̀lù kù.

Olúwa yóò pa ilé wa mọ́. Àmín.