Ọmọ Àlejò Tí A Gbà Sí Kíláàsì, Ẹ Jẹ́ Ká Gbà Á Tán

Bí èèyàn bá gba Mọníyà jáde kúrò n'Ìbàdàn, tàbí tó gba Ìyànà-Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá tàbí Akànrán wọ ìgbèríko lọ, kó yà sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láàárọ̀, kó dúró gbọ́ orúkọ tí olùkọ́ ń pè nínú rẹ́jísítà. Yóò gbọ́ Àdìó àti Ṣadé. Yóò gbọ́ Músá àti Hawáù. Bó bá dúró pẹ́ díẹ̀ sí i, yóò gbọ́ Terngu, Ene àti Kòfí. Bàbá ọ̀kan wá láti Bẹ́núé, ebè ẹ̀gẹ́ ló ń kọ. Bàbá èkejì ń da màlúù, ọjà màlúù Akínyẹlé ló ti ń tà á. Ẹ̀kẹta gba ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ wọlé, ó ń ṣe alágbàro nínú oko kòkó. Òmíràn ń fọ́ òkúta, òmíràn ń tọ́jú adìẹ ní oko olówó. Láti Ọlọ́runṣògo títí dé Lálúpọn, ọwọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí wà nínú oúnjẹ tí gbogbo Ìbàdàn ń jẹ.

Àwọn ọmọ wọn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí. A gbà wọ́n síléèwé, òótọ́ ni, kò sì sí ìlú tó lé wọn padà lẹ́nu géètì tí a lè dárúkọ. Ṣùgbọ́n a kò tíì gbà wọ́n tán. Olùkọ́ tí ahọ́n rẹ̀ kò gbé orúkọ ọmọ a fún un ní òmíràn, gbogbo kíláàsì a sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n a máa pe ọ̀kan ní Gàmbàrí, wọ́n a máa pe èkejì ní Kòbókòbó, ọmọ náà a sì máa jẹ́ ẹ nítorí kò mọ ohun tó tún lè ṣe. Ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n ń jókòó sí. Bí ohun kan bá sọnù, àpò wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú. Kì í ṣe ìkà èèyàn nìkan ló ń ṣe èyí. Olùkọ́ rere tó ń fowó ara rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀kì ń ṣe é, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ọmọ náà ń gbọ́, pé ó sì ń dùn ún.

Ẹ jẹ́ ká rántí Ṣáṣá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé kan náà. Ní oṣù kejì 2021, aáwọ̀ èèyàn díẹ̀ lọ́jà di ìjà Yorùbá àti Haúsá. Ẹ̀mí sọnù, ilé àti ìsọ̀ jóná, Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti ọjà náà pa, ó sì kéde kónílé-ó-gbélé. Àwọn gómìnà kan wá láti Òkè Ọya wá bá a kẹ́dùn. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lásìkò náà, ti ọjà ló pọ̀ jù: ta ni yóò ṣí i, ta ni yóò san owó ohun tó jóná, ibo ni tòmátì yóò máa gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tó ń jókòó pọ̀ sórí àga kan ní àdúgbò yẹn rí iná náà pẹ̀lú ojú wọn. Ọmọ Yorùbá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílé nípa Haúsá, ọmọ Haúsá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílé nípa Yorùbá, lẹ́yìn náà ni wọ́n padà wá pín bẹ́ǹṣì kan jókòó. Lọ́jọ́ tí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, olùkọ́ nìkan ni àgbàlagbà tí ọmọ méjèèjì jọ ní. Bí kò bá ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá wọn sọ, ohun tí wọ́n gbọ́ nílé ni wọn yóò fi dàgbà.

A mọ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí fẹ́ sọ. Màlúù ti jẹ ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn tán, ẹlòmíràn ò lè dá nìkan lọ sóko mọ́, ẹ̀dùn náà kò kéré, a sì ti kọ nípa rẹ̀ lójú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ Fúlàní tó wà ní kíláàsì kẹta ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ọmọ tí kò sí lẹ́yìn màlúù. Ìjọba àpapọ̀ rí èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá àjọ ẹ̀kọ́ àwọn darandaran sílẹ̀ ní 1989. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjà oko àti màlúù dópin, ọmọ yẹn ni kó kọ́kọ́ dì mú ṣinṣin.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ńkọ́? Èyí ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ òun ni òfin ti là mọ́lẹ̀ jù. Ní 2016, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun fàyè gba híjáàbù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni kan n'Íwòó wọ aṣọ akọrin ìjọ lọ síléèwé. Ní oṣù kọkànlá 2018, ọ̀rọ̀ híjáàbù mú kí wọ́n ti International School tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn pa fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2022, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ híjáàbù tó ti Èkó wá: adájọ́ márùn-ún nínú méje ní ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ẹ̀tọ́ láti fi híjáàbù bo orí rẹ̀ níléèwé ìjọba. Ní tiwa, ẹjọ́ ti parí níbẹ̀. Olùkọ́ abúlé kankan kò láṣẹ láti ṣí ìborí lórí ọmọ ọlọ́mọ.

Àmọ́ òfin kan náà ló dáàbò bo àwọn tó kù. Abala 38 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ mú un ní dandan bá wọn ṣe ìjọsìn rẹ̀. Tí iléèwé ìjọba bá wà ní abúlé tó jẹ́ pé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù, àdúrà òwúrọ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọmọ Kristẹni di àjèjì. Tó bá sì jẹ́ pé Kristẹni ni ọ̀gá iléèwé, kó má fi orin ìjọ tirẹ̀ nìkan ṣe àsẹ́ńbílì láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì.

A ní láti sọ̀rọ̀ àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í gbẹnu sọ fún nínú àríyànjiyàn yìí, ìyẹn àwọn ọmọ oníṣẹ̀ṣe. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristi wà, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù wà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ babaláwo, tàbí tí agboolé rẹ̀ ń gbé eégún, nínú ọ̀kan nínú méjèèjì ni yóò jókòó sí, ibẹ̀ ni olùkọ́ yóò sì ti sọ fún un pé iṣẹ́ èṣù ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Inú ilẹ̀ baba rẹ̀ nìyí o, kì í ṣe ìlú òkèèrè. Ọmọ tó ní dàdà lórí pẹ̀lú ń jẹ nínú ìyà yìí: wọ́n a ní kó lọ gé e kó tó padà wá. Ó yà wá lẹ́nu pé Yorùbá tó ń gbé Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe lárugẹ ní oṣù kẹjọ lè dákẹ́ síyẹn láwọn oṣù tó kù.

Ìbàdàn mọ ohun tó jẹ́ láti fi ọmọ lé àjèjì lọ́wọ́. Nígbà tí David Hinderer, oníwàásù ọmọ Jámánì, àti ìyàwó rẹ̀, Anna, tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní 1853, Olóyè Olúnlóyọ̀, jagunjagun tí kì í ṣe Kristẹni, fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, sọ́dọ̀ wọn pé kí wọ́n kọ́ wọn níwèé. Iléèwé àwọn obìnrin tó wà ní ìlú wa ṣì ń jẹ́ orúkọ Yéjídé dòní. Àǹfààní pọ̀ nínú ohun tó tẹ̀ lé e, ìpalára náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ló wọ iléèwé ìjọ ní Rájì, tó jáde ní Joseph. Èyí wà lára ohun tó mú kí ẹgbẹ́ bí Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923, kọ́ iléèwé tiwọn. Nígbà tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ọmọ gbogbo ilé, ẹ̀sìn yòówù kó jẹ́, ló gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Lónìí, àwa ni àjèjì ń fi ọmọ wọn lé lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n ti yí orúkọ baba wọn padà nítorí ìwé kò yẹ kí wọ́n máa yí orúkọ ọmọ ẹlòmíràn padà.

Ibi tí a ti ní láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù lọ ni ti èdè. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé nígbà tí Tiv, Fúlàní àti Ègùn bá wà nínú kíláàsì kan, àfi kí olùkọ́ máa sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Tiv tó dé Ọ̀nà-Àrà lẹ́nu àìpẹ́, ibi eré bọ́ọ̀lù àti ibi omi ni yóò ti gbọ́ Yorùbá, kó tó pẹ́, òun ni yóò máa ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀ lọ́jà. Ta ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níbi omi? Yorùbá ni afárá tó wà nílẹ̀ láàárín gbogbo wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi hàn láti 1970, ní iléèwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà mọ̀wé ju èyí tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ, títí kan ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ó dùn wá gidigidi. Ọmọ àgbẹ̀ Yorùbá pàdánù, ọmọ àlejò sì pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, nítorí èdè àdúgbò tó ń tiraka láti gbọ́ kò tún wúlò fún un nínú kíláàsì mọ́. Síbẹ̀, bí olùkọ́ bá fi Yorùbá là á yé ọmọ kékeré, tó sì ní sùúrù fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ dáadáa, a kò rò pé ọ̀gá ẹ̀kọ́ kan yóò bá a wí.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò gba owó ńlá. Kí ọ̀gá iléèwé gba ọmọ alágbàro tó dé láàárín táàmù, kó má fi ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí dí i lọ́nà. Bí iṣẹ́ oko bá gbé bàbá ọmọ láti Lágelú lọ sí Akínyẹlé, kí iléèwé àkọ́kọ́ kọ ìwé pélébé kan fún un tí yóò sọ kíláàsì tó wà, kó má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kìíní. Kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ bí òbí rẹ̀ ṣe pè é. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ pe Sẹ́ríkí Fúlàní àti olórí àwọn alágbàro sí ìpàdé, kí wọ́n sì fún wọn láyè láti sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń fún baálẹ̀. Ní 2019 ni Gómìnà Mákindé fagi lé owó 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà níléèwé girama ìjọba. A kò gbọdọ̀ wá fi owó abẹ́lẹ̀ tí a ń dá lé àlejò lórí dí ọ̀nà náà padà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sọ pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ jẹ́ ti gbogbo ọmọ. Kò ní kí a kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ti bí i.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester mọ ìdí tí a fi ń pariwo. Ọmọ wọn ti jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì ẹlòmíràn rí, olùkọ́ sì ti pe orúkọ rẹ̀ ní ìpèkúpè. Ní 1983, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Britain nígbà náà dájọ́ pé iléèwé tó kọ̀ láti gba ọmọ Sikh nítorí láwàní orí rẹ̀ rú òfin. Lọ́dún 1985, ìròyìn ìgbìmọ̀ Swann sọ fún ìjọba wọn pé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gbogbo ọmọ. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ jà fún irú ẹ̀tọ́ yìí lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́ kọ́lé sí Ẹgbẹ́dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pe ọ̀gá iléèwé tó wà ládùúgbò ilé yẹn, kí ẹ sọ ohun tí ojú yín rí fún un.

Àwọn ọ̀gá ẹ̀kọ́ ní Mọníyà, Ìyànà-Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá àti Akànrán ló láṣẹ láti sọ gbogbo èyí di ìlànà. À ń retí kí SUBEB, àjọ tó ń bójú tó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí gbogbo iléèwé ìgbèríko, ní èdè Yorùbá, kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé olùkọ́ tó bá fi ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn bú ọmọ yóò fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé níwájú àjọ.